ÀWA KÌ Í ṢE ÀÀTÀN FÍRÍJÌ ÀLÒKÙ

Láti ọwọ́ Akọ̀wé Ìkéde Ẹgbẹ́

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin àgbẹ̀ tí ẹ ń fi ọkọ́ àti àdá bọ́ ìlú, ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń ta ẹja òkú Èkó lọ́jà, ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè. Ọ̀rọ̀ gáàsì ni, èyí tí ń bẹ nínú fíríjì, nínú firísà, àti nínú yàrá yìnyín ńlá tí a ń kó ẹja àti ẹran sí. Ẹnìkan lè rẹ́rìn-ín kí ó wí pé, "Akọ̀wé, kí ni ó kan ẹgbẹ́ òṣèlú nínú ọ̀rọ̀ fíríjì?" Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ẹni tí ó bá di kọ́kọ́rọ́ ibi tí ìlú ń kó oúnjẹ rẹ̀ pamọ́ sí mú, ó ti di ìlú náà mú.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyàwó mi ra firísà tòkunbọ̀ kan fún òwò ẹja rẹ̀. Ẹni tí ó tà á fún un búra pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti òkè òkun ni, kò sì ní àléébù kankan. Kò pé oṣù mẹ́ta tí gáàsì inú rẹ̀ fi tán. A pe oníṣẹ́ fíríjì, ó rọ gáàsì sí i, a sanwó. Ó tún tán, a tún sanwó. Ní ìgbà kẹta, òru ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ó dákẹ́, a kò sì mọ̀. Nígbà tí yóò fi di òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, páálí ẹja títùs mẹ́rin ti rà, òórùn rẹ̀ sì ti gba àdúgbò kan. Bí a ti ṣírò owó gáàsì àti owó ẹja pọ̀, ó ju iye tí a fi ra firísà náà lọ. N kò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi, nítorí ilé tí irú rẹ̀ kò tíì ṣẹlẹ̀ sí kò pọ̀. Ohun tí mo ń béèrè ni èyí: gáàsì tí a rọ lẹ́ẹ̀mẹta náà, níbo ni ó lọ?

Gáàsì yìí ni kọ́ńpírẹ́sọ̀ ń tì káàkiri inú páìpù. Yóò gba ooru ara ẹja nínú àpótí, yóò sì lọ tú u dà sí ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Kì í ṣe epo tí a ń jó, nítorí náà bí páìpù bá dá pé, kì í tán. Nígbàkúùgbà tí oníṣẹ́ bá wí fún yín pé gáàsì ti tán, ẹ mọ̀ pé ó jò ni, ojú ọ̀run ni ó sì gbà lọ. Ó dé ọ̀hún tán, ó ń ṣe bí aṣọ òtútù tí a fi bo ẹni tí ibà ń ṣe: ó há ooru mọ́ ayé lára, kò jẹ́ kí ó rí ọ̀nà jáde. Bí a bá ṣírò rẹ̀ fún 100 ọdún, kìlógíráàmù kan gáàsì tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní R-134a ń mú ayé gbóná tó 1,430 kìlógíráàmù èéfín kábọ́ọ̀nù. Ti R-22 jẹ́ 1,810. Ti R-404A, tí a ń lò nínú yàrá yìnyín ńlá, jẹ́ 3,922. Ẹ wo agolo R-134a kan ṣoṣo lọ́wọ́ oníṣẹ́, èyí tí ó gba 13.6 kìlógíráàmù. Bí ó bá tú dànù tán, ó tó tọ́ọ̀nù 19 èéfín kábọ́ọ̀nù.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ kò nílò kí onímọ̀ kankan wá ṣe àlàyé ohun tí ooru ayé ń ṣe. Ẹ̀yin ni òjò àkọ́rọ̀ ń tàn jẹ, tí àgbàdo yóò hù tán tí ọ̀dá yóò sì pa á. Ẹ̀yin ni ata yín ń rà lójú ọ̀nà kí ọkọ̀ tó dé ọjà. Ooru ni ó ń ba oúnjẹ yín jẹ́, ẹ sì nílò ẹ̀rọ tí yóò gbà á lọ́wọ́ ooru. Ṣùgbọ́n gáàsì inú ẹ̀rọ náà tún ń dá kún ooru. Ṣé a ó máa fi ọwọ́ kan pa iná, kí a máa fi ọwọ́ kejì da epo sí i?

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn wò.

Ní 1930, ọ̀gbẹ́ni Thomas Midgley, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, dìde níwájú àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó fa gáàsì tuntun kan símú, ó sì fẹ́ ẹ jáde sórí àbẹ́là tí ń jó. Àbẹ́là kú, ọ̀gbẹ́ni náà kò kú. Ohun tí ó fẹ́ fi hàn ni pé gáàsì náà kò ní májèlé, kò sì gba iná. Bí ìran gáàsì tí à ń pè ní CFC ṣe wọ inú ayé nìyẹn, R-12 sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ní 1974, Mario Molina àti Sherwood Rowland kìlọ̀ pé gáàsì wọ̀nyí lè jẹ ósóònù run, èyíinì ni ìbòrí òkè ọ̀run tí ń gbà wá lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn tí ń fa jẹjẹrẹ awọ ara. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kéde pé ìbòrí náà ti lu lókè ilẹ̀ yìnyín ìhà gúúsù ayé. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè kọ ìwé àdéhùn ní Montreal pé kí a dín CFC kù.

Wọ́n ní kí a lo R-22 ná. R-22 náà ń jẹ ósóònù, ṣùgbọ́n kò jẹ ẹ́ tó ti àkọ́kọ́. Wọ́n tún mú R-134a àti R-404A wá. Àwọn wọ̀nyí kò fọwọ́ kan ósóònù, ṣùgbọ́n wọ́n ń mú ayé gbóná. Nígbà tí ó di oṣù kẹwàá 2016, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Kigali ní ilẹ̀ Rwanda, wọ́n sì fẹnu kò pé kí a dín ìwọ̀nyí náà kù. Nàìjíríà tẹ́wọ́ gba àdéhùn náà ní 2018. Ẹ bá mi kà á: ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti tà fún wa, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sì ti padà wá sọ pé ohun tí wọ́n tà kò dára.

Èyí tí ó dùn mí jù ni ohun tí wọ́n pè ní àánú. Ìwé àdéhùn Montreal dá CFC dúró ní àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ní 1996, ó sì fún irú ilẹ̀ tiwa ní àyè títí di 2010. Ọdún 14 gbáko! Kí ni a fi ọdún 14 náà ṣe? Àwọn fíríjì tí wọ́n ń lé jáde kúrò nílé ìdáná wọn ni a kó sínú ọkọ̀ òkun, tí wọ́n ń gúnlẹ̀ sí Àpápá àti Kútọnu, tí àwa sì ń dù wọ́n rà bí ẹni tí ó rí ọ̀pọ̀. Ohun tí wọ́n pè ní ìdọ̀tí, àwa sọ ọ́ lórúkọ ọmọ: Tòkunbọ̀.

Ó tún ti ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nínú àdéhùn Kigali, àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìdínkù ní 2019, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti dín 85 nínú 100 kù ní 2036. Ní tiwa, 2024 ni a fi òdiwọ̀n lé e pé a kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. A ó dín 10 nínú 100 kù ní 2029, a ó dín in dé 30 ní 2035, dé 50 ní 2040, àti dé 80 ní 2045. Lọ́dọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí ó wà ní ìṣọ̀kan, láti 2015 ni òfin kò ti gba kí a kó fíríjì ilé tuntun tí ó ní R-134a wọ ọjà, láti 2022 ni ó sì ti mú firísà àti àpótí ìtajà àwọn oníṣòwò mọ́ ọn. Èyí tí a lé kúrò lọ́hùn-ún, níbo ni yóò forí lé bí kò ṣe ibi tí ẹnu ibodè bá ṣí sílẹ̀? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí kì í dúró wo ìrù ejò lẹ́ẹ̀kejì. Àyè tí a fún wa kì í ṣe àyè oorun.

Ẹ̀yin tí yàrá yìnyín yín sì ń lo R-22, ẹ mọ̀ pé irú ilẹ̀ tiwa gbọ́dọ̀ ti gé 67.5 nínú 100 kúrò ní 2025, yóò sì di 97.5 ní 2030. Ohun tí ó bá ń wọ́n lọ́jà, owó rẹ̀ ń gòkè ni. Láti òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mú ẹkún sun.

Nísinsìnyí, oníṣòwò kan náà ti tún kan ilẹ̀kùn. Gáàsì kẹrin ni ó mú lọ́wọ́, irú bí R-1234yf. Òótọ́ ni pé ó sàn púpọ̀ ní ti ooru ayé, n kò ní í purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìwé-ẹ̀rí olóhun-ìní wà lórí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá díẹ̀ ní òkè òkun, owó rẹ̀ sì ga. Bí ó bá sì túká lójú ọ̀run, ó ń di ásíìdì kan tí à ń pè ní TFA, tí òjò ń rọ̀ padà sínú omi àti ilẹ̀, tí kì í sì í tètè parẹ́. Ta ni yóò fi ọwọ́ sọ̀yà fún wa pé ní ogún ọdún sí i, a kò ní í tún pè wá sí ìpàdé mìíràn láti gbọ́ pé ìkẹrin náà kò dára?

Ohun tí mo ń wí, tí mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹgbẹ́ wa gbé lárugẹ, ni pé kí a má ṣe bọ́ lọ́wọ́ olówó kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ẹ jẹ́ kí a fò kọjá rẹ̀ lọ tààrà sí àwọn gáàsì tí Ẹlẹ́dàá dá: propane, tí wọ́n ń pè ní R-290, isobutane, tí í ṣe R-600a, amóńíà, tí í ṣe R-717, àti èéfín kábọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, tí í ṣe R-744. Níbi tí R-134a ti jẹ́ 1,430, propane jẹ́ nǹkan bí 3, èéfín kábọ́ọ̀nù jẹ́ 1, amóńíà sì jẹ́ òdo. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ń jẹ ósóònù. Ẹ̀rọ lè ní olóhun, ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ tí ó lè wí pé òun ni ó dá propane. Propane àti butane ìbátan rẹ̀ ni a pò pọ̀ tí à ń pè ní gáàsì ìdáná. Inú ilẹ̀ wa ni ó wà! Láti ìgbà tí a ti rí epo ní Oloibiri ní 1956, mélòó ni iye gáàsì tí a ti dáná sun lásán lójú ọ̀run ní Niger Delta? A ń sun tiwa, a sì ń fi owó ra ti ẹlòmíràn. Aṣọ àyálò kò yẹ ọmọ ènìyàn. Bí kò fún ni lápá, a dẹ̀ lọ́rùn.

Mo mọ ohun tí àwọn alátakò yóò wí, n ó sì dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Wọn yóò wí pé propane yóò jó ilé. Òótọ́ ni pé ó ń gba iná. Ó sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń rà sí bí ó bá jò. Ṣùgbọ́n mélòó ni ó wà nínú ẹ̀rọ náà? Òdiwọ̀n tí a fi sí irú firísà ìtajà bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ni 150 gíráàmù, kí ìlànà àgbáyé tó gbé e ga ní 2019 fún ẹ̀rọ tí ó bá ní ètò ààbò tí ó yẹ. Gáàsì inú sìlíńdà ìdáná kan tí ó gba 12.5 kìlógíráàmù tó láti fi kún ọgọ́rin ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ilé tí ń gbé sìlíńdà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò lójoojúmọ́, ṣé 150 gíráàmù ni a ó fi dẹ́rù bà á? Ní 1992, ẹgbẹ́ Greenpeace àti ilé-iṣẹ́ fíríjì kan ní ìlà-oòrùn Jámánì ṣe fíríjì tí ń lo irú gáàsì yìí. Àwọn ilé-iṣẹ́ fíríjì mìíràn kọ́kọ́ pariwo pé yóò gbaná. Kò pẹ́ tí àwọn tí ń pariwo fi ń ṣe irú rẹ̀ tà. Lónìí, isobutane ni ó wà nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún mílíọ̀nù fíríjì káàkiri ayé. Ohun tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba àwa ni wọ́n ń lò nílé ara wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kì yín nílọ̀ gidigidi, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ mi sódì. Ẹ má ṣe jẹ́ kí oníṣẹ́ kankan rọ gáàsì ìdáná sínú fíríjì àtijọ́ tí a ṣe fún R-134a tàbí R-22. Gáàsì ìdáná kò mọ́ tó, ẹ̀rọ náà kò sì ní ààbò iná lára. Ìwà bẹ́ẹ̀ lè pa ènìyàn. Ẹ̀rọ tí a ṣe fún propane ni propane ń bá lọ, ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó sì gbọdọ̀ ti wọlé. Amóńíà náà ní májèlé, ilé-iṣẹ́ yìnyín ńlá tí ó ní onímọ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni ó tọ́ sí, kì í ṣe ìsọ̀ nínú ọjà.

Àwọn mìíràn yóò wí pé òyìnbó ni ó ba ojú ọ̀run jẹ́, kí òyìnbó lọ tún un ṣe. Ìdajì òtítọ́ ni. Àwọn ni wọ́n bà á jẹ́ jù, mo sì fara mọ́ ọn pé kí wọ́n sanwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n òjò tí kò rọ̀ kì í béèrè pé ta ni ó jẹ̀bi kí ó tó pa oko àgbẹ̀ ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ṣakí. Pẹ̀lúpẹ̀lù, owó wà nílẹ̀. Láti 1991 ni àpò owó kan ti ń bẹ lábẹ́ àdéhùn Montreal, tí àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ń dá owó sí, kí a lè fi ran irú ilẹ̀ tiwa lọ́wọ́ láti pààrọ̀ ẹ̀rọ àti láti kọ́ àwọn oníṣẹ́. Kì í ṣe ìtọrẹ àánú, ẹ̀tọ́ wa ni. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ yóò bá a dákẹ́.

Àwọn kan yóò wí pé tálákà kò lè ra ẹ̀rọ tuntun, tòkunbọ̀ ni agbára rẹ̀ ká. Èyí ni ó ṣe mí láàánú jù, nítorí èmi náà ti wí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mo ti ka owó ẹja tí ó rà fún yín. Àlòkù ń mu iná púpọ̀, ó ń mu epo jẹnẹrétọ̀, ó ń jò, ó sì ń kú ní òru. Owó pọ́ọ́kú ni a fi rà á, owó ńlá ni a fi ń bọ́ ọ. Àwọn ará Ghana rí èyí kí a tó rí i. Ní 2008, wọ́n ṣe òfin pé kí fíríjì àlòkù má ṣe wọ ilẹ̀ wọn mọ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ líle mú un ní 2013. Wọ́n tún ṣètò pé ẹni tí ó bá gbé ògbólógbòó fíríjì wá yóò rí ẹ̀dínwó gbà lórí tuntun.

Àwa ńkọ́? Fíríjì àlòkù àti kọ́ńpírẹ́sọ̀ àlòkù wà nínú àkójọ ọjà tí àwọn Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó wọlé. Òfin náà wà nínú ìwé. Ẹ jáde lọ sí ọjà ẹ̀rọ tí ó súnmọ́ yín lọ́la, kí ẹ lọ wo òfin náà bí ó ti tò lẹ́sẹẹsẹ lẹ́bàá títì, funfun báláú, tí wọ́n ń dúnàá-dúrà lé e lórí. Òyìnbó nìkan kọ́ ni mo ń bá wí. Bí kò bá sí ọ̀tá nínú ilé, tòde kò lè ṣe é. Ẹni tí ó gba rìbá ní ibodè tí ó jẹ́ kí ìdọ̀tí wọlé, ọmọ wa ni.

Ọmọ wa náà sì ni ẹni tí ń ṣe rere. Nnaemeka Ikegwuonu, ọmọ ilẹ̀ wa, dá ilé-iṣẹ́ ColdHubs sílẹ̀, tí ń gbé yàrá amóhuntutù tí ń lo agbára oòrùn kalẹ̀ sí ọjà àti oko. Àgbẹ̀ kò ra ẹ̀rọ kankan. Yóò kó tòmátì tàbí ata rẹ̀ wá, yóò san owó lórí àpótí kan fún ọjọ́ kan, yóò sì kó o lọ nígbà tí ọjà bá dára. Oòrùn tí ń ba oúnjẹ jẹ́ ni wọ́n fi ń tọ́jú oúnjẹ. Ta ni ó wí pé orí wa kò pé?

Nítorí náà, ohun márùn-ún ni mo ní kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa gbogbo máa béèrè lọ́wọ́ ìjọba, láti ìbílẹ̀ títí dé àpapọ̀.

Èkíní, kí òfin tí ó dá fíríjì àlòkù dúró ní ibodè di òfin tí ń ṣiṣẹ́.

Èkejì, kí a ṣètò bí tálákà yóò ṣe gbé ògbólógbòó ẹ̀rọ wá gba ẹ̀dínwó, kí a sì fa gáàsì inú èyí tí ó kú sínú agolo, kí a má ṣe gé páìpù rẹ̀ kí ó tú dà sójú ọ̀run.

Ẹ̀kẹta, kí a kọ́ àwọn oníṣẹ́ fíríjì wa ní iṣẹ́ propane, kí a sì fún wọn ní ìwé ẹ̀rí. Wọn kì í ṣe ọ̀tá wa. Ọwọ́ wọn ni iṣẹ́ náà yóò ti yọrí.

Ẹ̀kẹrin, kí a máa fọ propane mọ́ dé ìwọ̀n tí ẹ̀rọ ń fẹ́ ní ilẹ̀ yìí, láti inú gáàsì tí ń jóná lásán.

Ẹ̀karùn-ún, kí ìjọba má ṣe fi owó ìlú kọ́ yàrá yìnyín tuntun kankan tí yóò lo gáàsì tí a ti dájọ́ ikú fún. Kí ni a fẹ́ fi ọkọ̀ tí ń rì ṣe?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ìjà òmìnira kò parí ní 1960. A ti lé ọ̀gá kúrò nínú ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n ó kù kí a lé e kúrò nínú ikùn ẹ̀rọ tí ń tọ́jú oúnjẹ ọmọ wa. Nígbà tí oníṣòwò bá tún dé pẹ̀lú àlòkù rẹ̀ àti gáàsì tí wọ́n kọ̀ nílé rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Ṣé irú èyí ni ìyá rẹ ń lò?" Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi ọ̀nà hàn án. Ìlú wa kì í ṣe ààtàn.